Kì í Ṣe Gbogbo Tíì Ni Tíì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ béèrè ohun tí kálukú ń mu láàárọ̀. Ẹni tó po Milo á ní tíì ni. Ẹni tó po Bournvita á ní tíì ni. Ẹni tó ki Lipton bọ omi gbígbóná náà á ní tíì ni. Ẹni ìkẹyìn yìí nìkan ló ń mu tíì o! Kòkó wà nínú ti àwọn tó kù.

Ewé igi kan ni tíì, Camellia sinensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Wọn á já ewé náà, wọn á jẹ́ kó rọ, wọn á lọ́ ọ kí omi ara rẹ̀ jáde, wọn á wá fi í sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Atẹ́gùn yìí ló ń sọ ọ́ di dúdú, gẹ́gẹ́ bí obì tí a gé sílẹ̀ ṣe máa ń yí àwọ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni wọn á fi ooru gbẹ ẹ́. Ilẹ̀ wa náà ń gbìn ín: lórí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí òtútù ti ń mú, ni Highland Tea ti ń wá. Kódà, CRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà n'Ìbàdàn, ń ṣèwádìí lórí tíì pẹ̀lú obì, kọfí àti kajú.

Agùnbánirọ̀ kan fún ẹgbẹ́ oníròyìn wa ní ewé tíì tí kò sí nínú àpò. Èyí tó wà nínú àpò sábà máa ń kúnná bí ìyẹ̀fun, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè pọ́n, tó sì ń tètè korò. A wá dán omi mẹ́ta wò. Mo gbé omi kànga wa wá láti Ìkìrun, ẹnì kan gbé omi bóòhóòlù wá láti Ìnísà, ẹnì kan gbé omi òjò wá láti Òkukù. Ti omi òjò mọ́, ó pọ́n roro, òórùn rẹ̀ sì dùn. Ti bóòhóòlù tẹ̀ lé e. Ti kànga wa ṣú, nǹkan kan sì léfòó lórí rẹ̀ bí awọ. Omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀ ni, èròjà òkúta pọ̀ nínú rẹ̀, òun ló sì ń bá tíì jà.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ jẹ́ kí omi hó yaya. Ẹ fi díẹ̀ ṣan ife kó lè gbóná. Ẹ bu ṣíbí tíì kékeré kan sí i, ẹ da omi lé e, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí ẹ sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ má sè é lórí iná bí àgbo, yóò korò ni!

Àwọn tó ń fi ìtọ́wò tíì ṣiṣẹ́ ní òfin tiwọn, ISO 3103, tó jáde ní 1980: gíráàmù 2 sí mìlílítà 100 omi, fún ìṣẹ́jú 6. Wọ́n á fi ṣíbí bu ú, wọ́n á fà á ṣùrùrù kí òórùn rẹ̀ lè gun imú. Ẹ má dán ìyẹn wò níwájú màmá yín! Ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀, ẹ gbóòórùn, kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Bí ẹnu bá gbẹ bí ìgbà tí a jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n, ìyẹn yàtọ̀ sí kíkorò. Mílíìkì máa ń dín in kù.

Ohun tó jẹ mí lógún jù nìyí, torí ìdánwò ti dé tán. Káfíìnì tó wà nínú obì wà nínú tíì náà. Ẹni tó mu tíì líle lóru kó lè kàwé, oorun tí ọpọlọ fi ń tọ́jú ohun tó kà ló ń tà. Ìkejì, tíì pẹ̀lú ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ kì í jẹ́ kí ara gba èròjà irin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá dáadáa. Ẹ̀yin obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù, ẹ gbọ́ o! Ẹ jẹun tán, ẹ dúró fún wákàtí kan, kí ẹ tó mu tíì yín.