Ilẹ̀kùn Wo Ni Kí A Kàn? Ìtọ́jú Àìsàn Ọpọlọ àti Oògùn Tó Di Bárakú ní Ìlú Kaduna

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní àdúgbò Rigasa ní ìlú Kaduna, wọ́n sì bá ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí ó lé ní 300 níbẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ àwọn kan, àpá ẹgba sì wà lára àwọn mìíràn. Ilé ẹ̀kọ́ ìsìn àti ibi ìtúnwàṣe ni wọ́n ń pe ibẹ̀. A kò jí wọn gbé. Àwọn òbí ni ó fi ọwọ́ ara wọn mú púpọ̀ nínú wọn lọ, àwọn kan nítorí pé ọmọ ń lo oògùn olóró, àwọn kan nítorí pé ìwà ọmọ yí padà tí ilé kò sì mọ ohun tí ó fà á.

Ó rọrùn láti dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Síbẹ̀, ní ìlú kan náà, ní Barnawa, ní òdìkejì odò Kaduna, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà, níbi tí a ti ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún pẹ̀lú. Ẹlòmíràn kò mọ̀ pé ó wà fún irú ọ̀ràn tirẹ̀. Ẹlòmíràn mọ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì í kí aládùúgbò má baà rí i ní ẹnu-ọ̀nà ibẹ̀. Ìwádìí lórí ìlò oògùn olóró ní Nàìjíríà, tí orúkọ ọdún 2018 wà lára rẹ̀, fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64 ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, èyí tí ó tó ẹnì kan nínú méje. Nínú àwọn tí ó ti wọ̀ lára jù lọ, nǹkan bí 40 nínú 100 sọ pé àwọn fẹ́ ìtọ́jú ṣùgbọ́n àwọn kò rí i gbà.

Kò pọn dandan kí ẹbí kọ́kọ́ dé Barnawa. Ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó wà ní àdúgbò, tàbí ẹ̀ka tí a ti ń rí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá, gẹ́gẹ́ bí Barau Dikko ní àárín ìlú, lè gbọ́ ẹjọ́ náà, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà sí ibi tí ó yẹ. Láti ọdún 2008 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ètò kan tí a fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà tí kì í ṣe ti ọpọlọ bí wọn yóò ṣe dá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wárápá àti ìlòkulò ọtí mọ̀.

Èdè ni ó sábà máa ń dá ọ̀ràn rú. Yorùbá tí ó ń gbé ní Kaduna lè má sọ pé ọkàn òun rẹ̀wẹ̀sì. Yóò sọ pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn lára òun bí èèrà, pé òun kì í rí oorun sùn. Bí a bá túmọ̀ èyí sí Hausa wéréwéré, ibà ni òṣìṣẹ́ ìlera yóò gbọ́, oògùn ibà ni yóò sì kọ. Kí ó béèrè síwájú: láti ìgbà wo? Ṣé oúnjẹ ṣì ń dùn ún jẹ? Kí ni ó ń mu tàbí tí ó ń gbé mì kí ó tó lè sùn? Ṣé ó ti ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀? Bíbéèrè èyí kì í fi èrò náà sí ẹni lọ́kàn; ìtura ni ó máa ń jẹ́ fún ẹni tí ó ti ń dá a rò.

Ewu kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹbí kò fura sí. Bí a bá ti ẹni tí ó ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ mọ́ yàrá, tí a sì gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, wárápá lè mú un láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Ó lè kú. Bákan náà ni fún ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ Valium. Ti tramadol àti codeine yàtọ̀: ìnira rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni ikú wà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan nínú àhámọ́, ara ti gbàgbé oògùn náà. Bí a bá tú ẹni náà sílẹ̀ tí ó sì padà sí iye tí ó ń lò tẹ́lẹ̀, èémí rẹ̀ lè dúró. Ẹni tí kò jí mọ́, tí ó ń mí díẹ̀díẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Oògùn kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ naloxone tí ó lè dá èémí padà.

Àjọ NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ kan, 0800 1020 3040, tí a lè pè tọ̀sán-tòru fún ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú. Orúkọ àjọ náà ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù, nítorí iṣẹ́ mímú ọ̀daràn ni a fi mọ̀ wọ́n. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ó bá fún aláìsàn ní nọ́ńbà yìí láìtu ẹ̀rù náà kò tíì ràn án lọ́wọ́.

Ibi ìtọ́jú aládàáni náà wà káàkiri ìlú, àwọn mìíràn sì dára. Kí ẹbí tó san owó, kí wọ́n béèrè ẹni tí ó jẹ́ dókítà ibẹ̀, kí wọ́n sì rí yàrá tí aláìsàn yóò sùn sí. Ibi tí ó bá ní kí ẹbí má ṣe yọjú fún oṣù mẹ́ta, ẹ sá fún un. Ní Arò, ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti jẹ́ kí aláìsàn gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí a fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́ òfin wèrè, fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹbí kó gbogbo sáṣẹ́ẹ̀tì àti ìgò tí wọ́n rí ní yàrá ẹni náà lọ fún dókítà, kí ẹni tí ó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ sì bá a lọ. Kí wọ́n béèrè iye owó ṣáájú. Bí agbára kò bá ká a, kí wọ́n ní àwọn fẹ́ rí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ilé ìwòsàn náà kí wọ́n tó padà sílé.