Obìnrin Méjì, Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Kan: Ìtàn Ìwé-Ìròyìn Àwọn Apọ́nkè

Ní oṣù November, ọdún 1955, ìwé-ìròyìn tuntun kan jáde ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Summit ni orúkọ rẹ̀, èyí tí í ṣe ṣóńṣó orí òkè. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹgbẹ́ tàbí ọlọ́rọ̀ kan tí ń fi owó gbé e ró. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ni àwọn olóòtú rẹ̀ méjèèjì fi ṣíwájú orúkọ ìdílé wọn, Crenshaw àti Kilness. Ẹni tí ó bá ka irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ayé ìgbà náà kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè. Yóò gbà pé ọkùnrin méjì ni, àwọn alágbára tí okùn àti òòlù kì í kúrò ní èjìká wọn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin ni àwọn méjèèjì. Jean ni orúkọ Crenshaw, Helen ni orúkọ Kilness. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ náà pamọ́ ni, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí àwọn ọkùnrin tí ń gun òkè bá gbọ́ pé obìnrin ni ó ń darí ìwé náà, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n tó ṣí ojú-ewé kejì.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé irú ènìyàn tí à ń pè ní apọ́nkè níhìn-ín. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọdẹ ni a mọ̀ mọ́ igbó àti òkè. Bí ó bá wọ igbó lóru, ẹran ni ó ń wá. Onísègùn ń wá ewé àti egbò. Ẹni tí ó ń gun òkè Ìdànrè láyé àtijọ́, ilé rẹ̀ ni ó ń lọ, nítorí orí òkè ni ìlú náà wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí kò wá ẹran, wọn kò wá ewé, wọn kò sì ní ilé lórí òkè. Ìdùnnú wọn ni kí okùn so ènìyàn méjì pọ̀ lára ògiri òkúta, kí ọ̀kan máa gòkè, kí èkejì di okùn náà mú kí ẹnìkejì rẹ̀ má baà já lulẹ̀. El Capitan, òkúta kan ní àfonífojì Yosemite ní California kan náà, ga ju 900 mítà lọ láti ẹsẹ̀ dé orí. Nígbà tí Summit bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì gba àárín ògiri náà dé òkè. Ọdún 1958 ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta kọ́kọ́ ṣe é. Ẹni tí ó bá pe irú wọn ní wèrè kò jẹ̀bi púpọ̀, ṣùgbọ́n wèrè tiwọn ní òfin, ó ní ọgbọ́n, ó sì ń fẹ́ ìròyìn.

Kí Summit tó dé, ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ni irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wà. Sierra Club, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1892, ti ń tẹ ìwé tirẹ̀ láti ọdún 1893; American Alpine Club bẹ̀rẹ̀ ìwé ọlọ́dọọdún tirẹ̀ ní 1929. Ọ̀rọ̀ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ a máa dàbí àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn àgbà: ta ni ó gun òkè wo, lọ́jọ́ wo, pẹ̀lú ta ni. Ọmọ ilé-ìwé tí kò ní ju bàtà kan àti okùn àyálò lọ, tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni Summit wá fún, ìwé oṣooṣù àkọ́kọ́ tí àwọn apọ́nkè ní ní Amẹ́ríkà.

Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni Crenshaw àti Kilness pàdé, nínú iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ etíkun ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi ìdí kalẹ̀ sí Big Bear Lake, láàrin àwọn òkè San Bernardino. Ilé tí wọ́n ń gbé náà ni ọ́fíìsì wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, ibẹ̀ náà ni yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Bí wọ́n bá ka lẹ́tà àwọn òǹkàwé tán, wọn a ṣe àtúnṣe ọ̀rọ̀, wọn a to àwòrán, wọn a sì tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé ilé ìtẹ̀wé rí, tí ó mọ iye òṣìṣẹ́ tí ń sáré sókè sódò kí ojú-ewé kan tó jáde, yóò mọ̀ pé ẹrù àwọn obìnrin yìí kò kéré. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi rù ú.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ ni ó jẹ́ òtítọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bi wọn kọ́. Ní oṣù June ọdún 1962, Summit tẹ àwòrán àwọn òkè kan jáde, àwọn òkúta ṣóńṣó bí eyín ajá, tí yìnyín bo ẹsẹ̀ wọn. Riesenstein ni a pe orúkọ wọn. Ilẹ̀ Kánádà ni a ní wọ́n wà, a sì ní ẹnikẹ́ni kò tíì dé orí wọn. Ara àwọn apọ́nkè kò balẹ̀ mọ́. Wọ́n tú àwòrán ilẹ̀, wọ́n wá òkè náà títí, wọn kò rí i, nítorí kò sí ohun tí ń jẹ́ Riesenstein láyé. Harvey Manning, òǹkọ̀wé kan láti ìpínlẹ̀ Washington, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ni wọ́n hun irọ́ náà pọ̀ láti fi àwọn tí ń sáré du òkè tuntun ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ní òtítọ́ nínú: àwòrán òkè gidi ni, àwọn òkè Kichatna ní Alaska. Àwọn kan tọpa rẹ̀ títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, nígbà tí ó sì di ọdún 1966, ènìyàn méjì dúró lórí èyí tí ó ga jù nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwàdà inú ìwé kékeré ṣe di ọ̀nà sí òkè tí ẹsẹ̀ kò tíì tẹ̀.

Ohun tí Summit ṣe tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ kò ní àwàdà nínú. Láyé ìgbà náà, ìṣó irin ni apọ́nkè fi ń dáàbò bo ẹ̀mí ara rẹ̀. Bí ó bá ti ń gòkè, yóò fi òòlù gbá ìṣó wọ inú ihò àpáta, yóò so okùn mọ́ ọn, kí ó lè jẹ́ pé bí ọwọ́ bá yọ̀, ìṣó yóò gbà á dúró. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò gbá ìṣó náà sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi yọ. Nígbà tí ènìyàn mẹ́wàá péré ń gun òkúta kan lọ́dún, kò sí ẹni tí ó mọ ìpalára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ihò tí kò gba ju ẹnu ọ̀bẹ lọ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìka ọwọ́. Àwọn tí wọ́n ní àwọn fẹ́ràn òkè ni wọ́n ń fi òòlù jẹ òkè.

Royal Robbins, ọ̀kan nínú àwọn ògbójú Yosemite, lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1966. Ó bá àwọn apọ́nkè ibẹ̀ nídìí ọgbọ́n mìíràn. Ní Wales, ojú irin kan wà tí ó gòkè Snowdon lọ. Àwọn ọmọkùnrin tí ń lọ gun àpáta a máa ṣa àwọn nọ́ọ̀tì tí ó já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin náà, irú nọ́ọ̀tì tí mẹkáníìkì ń dè mọ́ bóòtù. Wọn a ha eyín inú rẹ̀ kúrò kí ó má baà gé okùn, wọn a ki okùn bọ inú rẹ̀, wọn a sì fi í há inú ihò àpáta. Kò sí òòlù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ ni a fi ń fi í sí i, ọwọ́ náà ni a fi ń yọ ọ́, àpáta kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọjá.

Nígbà tí Robbins padà délé, Summit ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó jáde ní oṣù May ọdún 1967, àkọlé rẹ̀ sì fi nọ́ọ̀tì ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọ̀pọ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé nọ́ọ̀tì lórí, nígbà tí irin líle wà? Lọ́dún kan náà, òun àti Liz ìyàwó rẹ̀ gun ọ̀nà tuntun kan ní Yosemite láìgbá ìṣó kan ṣoṣo. Summit kò ṣàì gba ìpolówó ọjà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá kan lókè Crenshaw àti Kilness tí yóò béèrè pé kí ni àwọn tí ń ta ìṣó yóò wí. Ohun tí àwọn tí ń ta ìṣó wí nìyí: ní ọdún 1972, Yvon Chouinard, alágbẹ̀dẹ tí ìṣó irin jẹ́ olórí ọjà rẹ̀, tẹ ìwé ọjà rẹ̀ jáde, ó sì rọ àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n gbé òòlù sílẹ̀. Ní 1973, ènìyàn mẹ́ta gun ojú Half Dome láìmú òòlù lọ́wọ́. National Geographic, ìwé ńlá tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń kà, gbé ìròyìn ìyẹn jáde ní ọdún 1974. Ọdún méje ni ìwé kékeré fi ṣíwájú ìwé ńlá.

Àwọn obìnrin náà kúrò nídìí Summit ní ọdún 1989. Àwọn mìíràn tún gbé e jáde ní 1990, ó sì dákẹ́ ní 1996. Irú ikú bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì láàrin àwọn ìwé òmìnira. Mountain Gazette, tí ó gba orúkọ náà ní 1972 ní ìlú Denver, kú ní 1979, ó jí ní 2000, ó tún kú ní 2012. Àwọn tí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá pàápàá kò yè: ìwé Climbing, tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1970, kúrò lórí bébà ní ọdún 2022, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ kan ti rà á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé àkókò yìí kan náà ni àwọn kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Mike Rogge ra Mountain Gazette ní 2020, ó sọ ọ́ di ìwé gbàgẹ̀dẹ̀ tí ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Michael Levy jí Summit dìde ní 2023. Òun náà ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lórí bébà nìkan, àwọn tí wọ́n san àsansílẹ̀ owó ni ó sì ń gbé e ró.

Bí òǹkàwé ṣe ń rí irú ìwé báwọ̀nyí kò yí padà púpọ̀. Kì í sí lọ́wọ́ afẹ̀míṣẹ̀ ní ìkóríta. Ọ̀rẹ́ ni yóò yá ọ̀rẹ́, tàbí kí ó wà lórí káńtà ìsọ̀ tí a ti ń ta bàtà òkè àti okùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òkèèrè nìkan ni irú rẹ̀ wà. Ní ọdún 1930, A. F. B. Bridges, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn kan, dá ẹgbẹ́ Nigerian Field Society sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 1931, ìwé wọn, The Nigerian Field, jáde. Ẹyẹ, ẹja, ejò, igi, òkè, odò àti ìrìn-àjò inú igbó ni ó kún inú rẹ̀. Kì í ṣe ìwé ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti oníṣòwò. Owó àti àlàyé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ń gbé e ró, ó sì ti pẹ́ ju Summit lọ. Ẹni tí ó bá wọ ilé ìkàwé yunifásítì ní ilẹ̀ wa, tí ó sì béèrè fún àwọn ti àtijọ́, yóò rí igbó tí ó mọ̀ láti kékeré nínú wọn, ó sì lè jẹ́ pé oko ni ibẹ̀ ti dà báyìí. Àlébù kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Ọdẹ tí ó mú òǹkọ̀wé wọ igbó, tí ó dárúkọ ẹyẹ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì fi ọwọ́ hàn án ibi tí ẹfọ̀n ti ń mumi, kò rí i kà.