Èbúté, Wáàfù àti Ibùsokọ̀: Àlàyé lórí Èbúté Èkó

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti ògbufọ̀ ń lò fún ibi tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù: èbúté. Ìbáà jẹ́ 'port', 'harbour', 'quay' tàbí 'berth' ni ó wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, èbúté náà ni yóò di. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú èdè, ó sì wà lára orúkọ àdúgbò ní Èkó, bí Èbúté Mẹ́ta àti Èbúté Èrò. Ṣùgbọ́n ayé ọkọ̀ àjẹ̀ ni ó ti wá. Ọkọ̀ àjẹ̀ kò fẹ́ ju omi díẹ̀ àti etí ilẹ̀ tí ó tẹ́ lọ. Imú rẹ̀ a kan iyanrìn, a ó sì wí pé ó gúnlẹ̀. Ọkọ̀ òkun kì í gúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá kan ilẹ̀, ìjàm̀bá ti dé nìyẹn.

Nítorí náà, ohun méjì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Ìjìn omi ni iye mítà tí ó wà láti ojú omi dé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìrìsómi ni iye mítà tí ara ọkọ̀ fi wọ inú omi, ó sì ń pọ̀ sí i bí ẹrù inú ọkọ̀ bá ti ń pọ̀ sí i. Ìjìn omi gbọ́dọ̀ ju ìrìsómi lọ ní gbogbo ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà wọlé, kì í ṣe ní ibi tí yóò dúró sí nìkan. Ibi tí omi ọ̀nà náà kò ti jìn rárá ni ó ń pinnu irú ọkọ̀ tí yóò wọlé.

Ní Èkó, ẹnu ọ̀sà ni ibi bẹ́ẹ̀ wà. Iyanrìn tí ìgbì ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ní etíkun a máa kó jọ sí ẹnu ọ̀sà, a sì di òkìtì lábẹ́ omi. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ ńlá láti Yúróòpù kò lè ré òkìtì yìí kọjá. Wọn a dúró lójú òkun, tàbí kí wọ́n já ẹrù Èkó sí Forcados, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e wá. Ọ̀nà reluwé tí a bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 tún mú kí ìṣòro náà le sí i: ẹrù ń ti òkè bọ̀, ẹnu ọ̀nà sì há. Ní 1908 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ ògiri wọ inú òkun ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀sà, tí ẹ̀rọ sì ń gbẹ́ iyanrìn kúrò nísàlẹ̀ omi. Nígbà tí ó fi di 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọlé. Omi tí ó wà lẹ́yìn irú ògiri bẹ́ẹ̀, tí ìgbì kò lè dà láàmú, ni 'harbour'. Omi ààbò ni orúkọ tí ó bá a mu.

Ògiri náà kò ṣàì ní gbèsè tirẹ̀. Iyanrìn tí ó dá dúró ní ìwọ̀-oòrùn kò dé ìlà-oòrùn mọ́, òkun sì jẹ Bar Beach ní Victoria Island lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Olùkọ́ jọ́gíráfì tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ ìrìn iyanrìn etíkun kò nílò láti wò ré kọjá ibẹ̀.

Wáàfù jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí àwọn òṣìṣẹ́ Àpápá ń lò lójoojúmọ́, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi lé e jáde. Òun ni etí ilẹ̀ tí a mọ ní ògiri gbọọrọ, tí omi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jìn tó fún ọkọ̀ láti sún mọ́ ọn tímọ́tímọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ti Àpápá ní 1921 kí ó lè gba ọkọ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọkọ̀ sì ń lò ó láti 1926. Àyè ọkọ̀ kan ṣoṣo lára wáàfù ni 'berth', èyí tí a lè pè ní ibùsokọ̀. Kéréènì, ilé ìkẹ́rùsí, ojú irin àti ọ́fíìsì aṣọ́bodè wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ibùsokọ̀ ni òṣùwọ̀n agbára èbúté. Bí omi ààbò ti wù kí ó gbòòrò tó, iye ọkọ̀ tí ibùsokọ̀ bá gbà ni yóò já ẹrù.

Ẹni tí ó bá rò pé àríyànjiyàn onímọ̀ èdè lásán ni èyí, kí ó wo ọdún 1975. Owó epo rọ̀bì ti mú kí iṣẹ́ ìkọ́lé pọ̀, ìjọba àpapọ̀ sì bá àwọn oníṣòwò ṣe àdéhùn láti ra sìmẹ́ńtì tí ó ju mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù lọ, ọ̀pọ̀ ìlọ́po ohun tí wáàfù Èkó lè gbà lọ́dún. Ọkọ̀ tí ó ju 400 lọ ni ó tò sójú òkun. Bí ògbufọ̀ bá kọ ọ́ pé ọkọ̀ 400 'wà ní èbúté Èkó', òǹkàwé yóò rò pé ọjà ń tà wìtìwìtì ni. Ibùdákọ̀ró ni wọ́n wà, níbi tí ọkọ̀ ti ń ju ìdákọ̀ró sómi láti dúró de àyè. Ibùsokọ̀ ni wọn kò rí. Owó sì ń gun orí owó fún dídúró náà. Dìmọ́réèjì ni àwọn oníṣòwò ń pè é, owó ìdádúró sì ni ní Yorùbá tí ó yé ni. Nínú àwọn àdéhùn kan tí ó dé ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, dọ́là 3,500 ni fún ọkọ̀ kan lójúmọ́. Ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀ ní 1981. Láàárín àkókò yìí, a ṣí èbúté Tin Can Island ní 1977, a sì parí àfikún wáàfù ní Àpápá ní 1979.

Láti ìgbà náà ni kọ̀nténà, àpótí irin tí a ń fi ẹsẹ̀ bàtà 20 ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀, ti gba ipò àpò àti pákó. Ó sì sọ ọ̀rọ̀ mìíràn di dandan. Láti 2006 ni ìjọba ti yá àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní ibùdó ìkẹ́rù, èyíinì ni ibùsokọ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ àti ẹ̀rọ ẹ̀yìn rẹ̀. Omi àti ilẹ̀ èbúté ṣì wà lọ́wọ́ Àjọ Èbúté. Bí a bá pe méjèèjì ní èbúté, a ó sọ pé ìjọba ta ohun tí kò tà.

Ìrìn ẹrù náà ti yí padà. Kòkó, ẹ̀pà àti ekuro ni ó kọ́kọ́ sọ Èkó di ìlú ọkọ̀ òkun. Lóde òní, epo rọ̀bì tí ó ń mú owó òkèèrè wọlé jù ń gba ibùdó bí Bonny àti Forcados lọ, kì í gba Àpápá. Àlìkámà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹ̀rọ àti ọjà inú kọ̀nténà ni Èkó ń gbà, ọ̀pọ̀ kọ̀nténà sì ń padà lófìfo.

Èbúté Lẹ́kkí, tí a ṣí ní 2023, kò fi ọ̀sà ṣe ààbò. Inú òkun gan-an ni a ti fi ògiri òkúta gé omi ààbò rẹ̀. Ìjìn omi rẹ̀ tó mítà 16.5, nígbà tí ti ọ̀nà ọkọ̀ Àpápá jẹ́ nǹkan bí mítà 13. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kọ̀nténà tí ìrìsómi wọn pọ̀ jù fún Àpápá ń já ẹrù Èkó sí Lomé ní Tógò, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e wá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Forcados ṣáájú 1914. Iṣẹ́ yìí náà kò tíì ní orúkọ kan tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò sí. 'Àtúnkó ẹrù' ni ó sún mọ́ ọn jù, nítorí pé ẹrù ni ó ń pààrọ̀ ọkọ̀, tí kò sì tíì wọ ilẹ̀ tí a rà á fún.