Àkọsílẹ̀ Wa Nínú Cloud Ìjọba

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ohun tó bá ti wọ kọ̀ǹpútà ìjọba ò lè sọnù mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti bébà. Ní 2010, Home Office nílùú Ọba ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì jẹ́, káàdì tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó bá ọkọ̀ òkun wọlé sí ní àwọn ọdún 1950 àti 1960. Nígbà tó di 2018, gbogbo ayé gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bi àwọn àgbà ará Caribbean léèrè ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n dé. Káàdì tí ì bá gbè wọ́n ti di àwátì.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba ti kó lọ sínú cloud, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńláńlá ilé iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lò, bíi Microsoft 365. Ó rọrùn lóòótọ́, èmi náà ń lò ó níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá pa fáìlì rẹ́ lórí SharePoint, ọjọ́ 93 ló máa lò nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí kó tó lọ pátápátá. Bí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, ohun tó wà nínú OneDrive rẹ̀ ní ọjọ́ 30 péré, àyàfi tí wọ́n bá ti yí ètò yẹn padà. Ohun tó ń gba àkọsílẹ̀ là ni àmì tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ọn ṣáájú: èyí, ọdún méje; èyí, ẹ má pa á rẹ́ láé. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà físà àti ìkíni ọjọ́ìbí. Èèyàn ló máa sọ fún un, èèyàn sì lè gbàgbé.

Òfin Public Records Act ti 1958 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba yan èyí tó yẹ ní pípamọ́ títí láé, kí wọ́n kó o fún The National Archives ní Kew. Ogún ọdún ni gbèdéke rẹ̀ báyìí, 30 ni tẹ́lẹ̀. Àbí, ta ló máa wá rántí ọ̀rọ̀ orí Teams tí wọ́n fi fọwọ́ sí ìpinnu kan?

Ẹ̀yin náà lẹ́tọ̀ọ́. Láti 2018, ọ̀fẹ́ ni béèyàn bá béèrè ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ lọ́wọ́ Home Office tàbí káńsù. Subject access request ni wọ́n ń pè é. Oṣù kan ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi méjì kún un bọ́rọ̀ bá díjú. Ẹ bá àwọn òbí yín béèrè tiwọn náà, tí wọ́n bá yọ̀ǹda. P60, lẹ́tà káńsù, pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ tó ní òǹtẹ̀, ẹ má kó wọn dànù nítorí pé ẹ ti ya fọ́tò wọn sórí fóònù.