Èdè Kì Í Gbé Inú Ìwé Nìkan

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé tí ènìyàn ń kọ́ láti gba owó lọ́wọ́ ayálégbé. Ilé tí a ń kọ́ fún èdè ni. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tí ó ń kọ́ èdè Lárúbáwá ní yunifásítì tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, pàápàá jù lọ ọmọbìnrin, kí ó jọ̀wọ́ fara balẹ̀ kà á, nítorí owó rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ọjọ́ ọ̀la ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ní Òṣogbo níhìn-ín àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó ti ké Kùránì parí, tí a ti ṣe wólímọ̀ fún, tí a ti pa ẹran, tí a ti wọ aṣọ ànkóò. Wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí nínú èdè Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n bí àlejò kan bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá wá, tí ó wọ mọ́ṣáláṣí wa ní ọjọ́ Jímọ̀, tí ó kí wa tán tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ẹ ó rí i bí àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò ti máa wo ojú ara wọn. Wọ́n lè ka ìwé ọwọ́ rẹ̀ tán. Wọ́n lè sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ kan fi ní rọ́fùù tí òmíràn fi ní násíbù. Ṣùgbọ́n láti sọ fún àlejò pé, "Ẹ jókòó, mo ń lọ bu omi wá," ó di ìṣòro. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ òpè. Wọn kò tí ì gbé ibi kan rí tí ó sọ ọ́ di dandan fún wọn láti fi èdè náà bèèrè omi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé-kéú àtijọ́, nítorí àwọn tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Orí ẹní ni a ń jókòó sí, a ó yí àfáà ká, wàláà oníkálùkù á wà lórí itan rẹ̀. Kò sí ọmọ tí ó jìnnà sí ẹnu àfáà. Ó ń wo bí ètè àfáà ti ń ṣí, àfáà náà ń gbọ́ ohùn rẹ̀, bí ó bá sì ṣì í pè, pàṣán á dáhùn. (Kì í ṣe pàṣán yẹn ni mo ń yìn.) Jíjókòó yíká yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní òkè òkun ń ṣe lóde òní níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè. Wọ́n ń to àga bí ìdajì òṣùpá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa wo ojú ara wọn, kí wọ́n sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, dípò kí oníkálùkù máa wo ìpàkọ́ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Ohun tí ilé-kéú àtijọ́ kò ní ni àyè láti fèsì. Àfáà á kà, àwa á gbà á. Bí a bá sì ti ṣíwọ́, gbogbo wa á padà sílé lọ máa sọ Yorùbá wa.

Olóògbé Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory, tí ó kú ní ọdún 1992, rí àléébù yìí. Nígbà tí ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, tí ó sì gbé e lọ sí Àgége ní ọdún 1955, ó mú àga, pátákó ìkọ̀wé, kíláàsì àti àkókò iṣẹ́ wọ inú ẹ̀kọ́ kéú. Ọ̀rọ̀ àga ni àwọn ènìyàn ń sọ títí di òní, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọgbà náà ni ó ṣe iṣẹ́ ju àga lọ. Àwọn ọmọ tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń jí níbẹ̀, wọ́n ń kírun níbẹ̀, olùkọ́ sì wà nítòsí. Èdè tí ọmọ bá gbọ́ ní kíláàsì ní òwúrọ̀, ó tún lè gbọ́ ọ nídìí àlùwàlá ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tí ó sì jáde níbẹ̀ ń fi Lárúbáwá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń mu omi.

Ìjọba àpapọ̀ náà dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ó yá. Láyé àtijọ́, ọmọ yunifásítì tí ó bá ń kọ́ Faransé a máa lọ lo ọdún kan ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Nígbà tí náírà wálẹ̀ láti ọdún 1986, owó ìrìnàjò náà kọjá agbára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìjọba dá abúlé èdè sílẹ̀ nílé wa níhìn-ín: ti Faransé ní Àgbádárìgì, tí a tún ń pè ní Badagry, ti Lárúbáwá ní Ngala ní ìpínlẹ̀ Borno. Wọ́n dá ibìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ní Abá fún àwọn èdè ilẹ̀ wa.

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí wọ́n gbé wọn sí, nítorí ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀. Àgbádárìgì kò jìnnà sí ẹnu ibodè orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba. Ngala wà ní ẹnu ibodè Kamẹrúùnù, kò sì jìnnà sí Chad. Àwọn Ṣúwà tí ń gbé agbègbè náà, Lárúbáwá ni èdè tí wọ́n bá lẹ́nu ìyá wọn. Lóòótọ́, Lárúbáwá Ṣúwà yàtọ̀ sí ti inú Kùránì, ẹni tí ó bá sì kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, òdo ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ yóò là. Yóò rí i pé ìyàwó ilé àti darandaran ń fi èdè yìí ná ọjà, wọ́n ń fi í bú ara wọn, wọ́n sì ń fi í rẹ ọmọ tí ń sunkún. Òfin irú abúlé bẹ́ẹ̀ ni pé èdè tí o wá kọ́ ni kí o máa sọ, ní kíláàsì, níbi oúnjẹ, ní ilé tí ò ń sùn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í dùn. Ọmọ tí ó jẹ́ alásọjù nílé á di odi. Ṣùgbọ́n ebi kì í jẹ́ kí odi náà pẹ́.

Ó ṣeni láàánú pé ogun wọ ọ̀ràn náà. Ní ọdún 2014, Boko Haram kọlu Gamboru àti Ngala, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, abúlé Lárúbáwá náà kò sì lè dúró sí ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí mọ́. Màídúgùrí ni wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù ń ba àwọn òbí. Ìyá kan bá mi lẹ́yìn ìrun àlàásárì, ó ní, "Nọ́íbì, ẹ gbà mí. Ọmọ mi obìnrin ní wọn kò ní fún òun ní ìwé-ẹ̀rí bí òun kò bá lọ gbé ibi tí wọ́n ti ń sọ Lárúbáwá. Borno sì rèé, ẹ̀yin náà ń gbọ́ ìròyìn." N kò lè sọ fún un pé kí ọmọ má lọ, nítorí òfin ẹ̀kọ́ ni. N kò sì lè bú u pé ẹ̀rù ń bà á. Ohun tí mo rò lọ́kàn ni pé, èéṣe tí kò fi sí irú ibùgbé bẹ́ẹ̀ ní ìtòsí wa?

Kò gba kí a kọ́ odindi abúlé. Yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, Osun State University, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ní ọgbà ní Òṣogbo, ní Ìkirè àti ní àwọn ìlú mìíràn. Ní ọdún 2022, ìjọba sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Ìlẹ́ṣà di yunifásítì. Àwọn ilé ibùsùn yóò máa dìde. Bí wọ́n bá ya ilé kan sọ́tọ̀, ilé oníyàrá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, tí ó ní pálọ̀ kan, ilé ìdáná kan àti ibi ìkírun, tí olùkọ́ kan sì ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, Lárúbáwá ni yóò máa sọ títí di àkókò oorun, abúlé dé nìyẹn. Fún àwọn ọmọbìnrin, kí ilé tiwọn dá wà, kí olùkọ́ obìnrin sì máa gbé e. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé pálọ̀ àti ilé ìdáná jẹ́ àṣejù. Níbẹ̀ gan-an ni èdè wà. Ọmọ tí ó bá ń dáná ní èdè Lárúbáwá yóò mọ iyọ̀, yóò mọ iná, yóò mọ "ó ti jóná," yóò sì mọ bí a ti ń bẹ ẹnìkejì kí ó bá òun ro ọbẹ̀.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nílé wa. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 2010, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà wá kọ́ Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn nínú ọgbà, ṣùgbọ́n ilé àwọn ẹbí Yorùbá ni a fi wọ́n wọ̀ sí. Àwọn wọ̀nyẹn mọ̀ pé kíláàsì nìkan kò tó láti sọ ọmọ Òyìnbó di ẹni tí ń kúnlẹ̀ kí ìyá ní òwúrọ̀.

Ọ̀rọ̀ kíláàsì náà kù. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sábẹ́ páànù nígbà tí òjò Òṣogbo bá ń rọ̀, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnu olùkọ́ ń mì, a kò gbọ́ nǹkan kan. Nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, a lè kọ ọ́ sí ojú pátákó. Nínú ẹ̀kọ́ èdè, ìyà ńlá ni. "Qalb" ni ọkàn, "kalb" ni ajá. Ọmọ tí òjò kò jẹ́ kí ó gbọ́ ìyàtọ̀ wọn, ó lè fẹ́ sọ fún wa pé ọkàn òun mọ́, kí ó sì sọ pé ajá òun mọ́. Síílìn lábẹ́ páànù, kọ́tìnì ní ojú fèrèsé, ẹní tàbí rọ́ọ̀gì lórí sìmẹ́ǹtì kí ohùn má bàa máa ta padà, kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà sí ògiri: èyí ni ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọ́kọ́ rò kí ó tó ra ẹ̀rọ kankan. Àwọn baba ńlá wa tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí mọ èyí. Ìmáàmù kọ ojú sí ògiri, ṣùgbọ́n ihò mìhírábù ń dá ohùn rẹ̀ padà sí wa lẹ́yìn.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ lọ wo àwọn ilé ẹ̀kọ́ ọnà àti èdè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ọmọ Ísírẹ́lì, ya àwòrán wọn ní àwọn ọdún 1960. Òkè ilé náà fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni fi orí dúró. Kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Àjà òkè ń bo ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò, afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín kọjá, nítorí náà a lè ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Ohun kan tí mo kórìíra ni àga tí a kàn mọ́lẹ̀. Mo rí i ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Àwọn ọkùnrin wà níwájú, àwọn ọmọbìnrin wà lẹ́yìn pátápátá, àga kò ṣeé yí, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Kí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá to àga ní ìlà gígùn láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, ọkùnrin lápá ọ̀tún, obìnrin lápá òsì, gbogbo wọn ni yóò wà ní ìtòsí olùkọ́. Ọ̀rọ̀ ipò àga lásán ni, ó sì ń sọ ẹni tí yóò la ẹnu.

Àwọn yàrá ẹ̀rọ pẹ̀lú, níbi tí oníkálùkù ti ń jókòó sínú àpótí kékeré tí ó sì ń fi ẹ̀rọ sí etí, wọ́n ṣe iṣẹ́ nígbà tiwọn. Fóònù ọwọ́ ọmọ ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà nísinsìnyí. Kí wọ́n wó àwọn àpótí náà, kí wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí yóò máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Bí àwọn aláṣẹ bá ní kò sí owó, kí àwọn ẹgbẹ́ àdínì wa dìde. Yàrá kan, síílìn, kọ́tìnì, ogún àga tí ó ṣeé gbé: kí a fi ànkóò wólímọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ lọ́dún, kí a kó owó rẹ̀ jọ, kí a sì kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà pé yàrá wo ni wọ́n fẹ́ kí a bá àwọn ọmọ wa tún ṣe. Lẹ́yìn tí a bá ṣe é tán, kí a lọ jókòó níbẹ̀ ní ọjọ́ òjò, kí a gbọ́ bóyá ohùn ọmọbìnrin tí ó wà ní ìkángun dé ọ̀dọ̀ olùkọ́.