Páàdì Géèmù Tó Wọ́n Bí Ojú: Ṣé Ó Yẹ Kí A Rà Á?

"Bàbá Démiladé, ṣé ohun ìṣeré yìí ni ẹ fẹ́ fi odidi owó oṣù òṣìṣẹ́ kan rà?"

Ìbéèrè tí ìyàwó mi bi mí nìyí ní alẹ́ ọjọ́ tí ó rí ohun tí mo ń wò lórí fóònù mi. Páàdì géèmù kan ni, 8BitDo Pro 2, tí ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà gbé jáde ní ọdún 2021. Dọ́là 49.99 ni iye tí wọ́n dá lé e. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí 1,500 náírà, ó ti tó 75,000 náírà kí a tó dárúkọ owó ìfiránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024. Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, èmi àti àbúrò mi ní ẹ̀rọ géèmù kan tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n fi ṣe àfarawé Famicom tí Nintendo gbé jáde ní Japan ní ọdún 1983. Mario, Contra àti Tetris ni a fi ń lo ìsinmi wa. Lónìí, èmi àti ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni a jọ ń gbá irú àwọn géèmù bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Láàárín ọdún méjì, páàdì olówó pọ́ọ́kú mẹ́rin ni mo rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 8,000 náírà.

Ní ọjọ́ kan, Démiladé ju ìkẹrin sílẹ̀, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. "Dádì, mi ò tẹ ìsàlẹ̀! Òun ni ó ń dọ̀bálẹ̀ fúnra rẹ̀!" Mo bá a wí gidigidi. Mo ní ẹni tí kò bá lè gba ìjákulẹ̀ mọ́ra kò gbọdọ̀ gbá géèmù. Ìgbà tí mo gba páàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo rí i pé òótọ́ ni ọmọ ń sọ. Mo bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Kí ni owó náà ń rà?

Kí n má baà fi ìwúrí ra ọjà, mo yá ti ọ̀rẹ́ mi kan lò fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Bọ́tìnnì oníàgbélébùú ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Gunpei Yokoi ti ilé-iṣẹ́ Nintendo ni ó ṣe irú rẹ̀ fún Donkey Kong orí Game & Watch ní ọdún 1982. Lábẹ́ àárín èyí tó dára, ohun kékeré kan wà tí ó gbé e ró bí ọ̀pá ìwọ̀n: bí apá ọ̀tún bá lọ sílẹ̀, apá òsì yóò gòkè. Nínú páàdì tí kò dára, gbogbo rẹ̀ ni ó ń rì pọ̀, tí ọ̀tún yóò sì di ìsàlẹ̀. Ẹ lè dán an wò níwájú ọlọ́jà: ẹ tẹ apá ọ̀tún mọ́lẹ̀, kí ẹ máa mi àtàǹpàkò yín díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni inú géèmù bá dọ̀bálẹ̀, ẹ dá páàdì padà.

Ìkejì ni ìyára. Bí àwòrán 60 ni irú géèmù wọ̀nyí ń gbé jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí páàdì bá fi àwòrán mélòó kan pẹ́, Mario ti já sí kòtò. Ti ọ̀rẹ́ mi kò dá mi dúró, yálà pẹ̀lú wáyà tàbí pẹ̀lú Bluetooth.

Ìkẹta ni bátìrì, èyí tí ó wú mi lórí jù. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé wákàtí 20 ni ó ń lò. Ó ṣeé yọ, a sì lè fi bátìrì AA méjì, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ àdúgbò, dípò rẹ̀. Ẹni tí ó mọ bí iná ṣe ń ṣe ní Ìbàdàn yóò mọ ìdí tí inú mi fi dùn.

Níbi tí ó kù sí

Kì í ṣe fún PlayStation 5 tàbí Xbox. Ọ̀pá ìdarí méjèèjì tó wà lórí rẹ̀ kò sì wúlò fún géèmù àtijọ́ bíi Contra. Bí ẹ bá tilẹ̀ nílò wọn, ẹ wá èyí tí ọ̀pá rẹ̀ ń fi òòfà ṣiṣẹ́, nítorí pé kò sí ohun tí ń fi ara ha ara nínú rẹ̀ tí yóò tètè jẹ.

Ìṣirò owó pàápàá kò gbè mí. Páàdì mẹ́rin ní ọdún méjì jẹ́ 32,000 náírà, ìyẹn 16,000 lọ́dún. Kí èyí tó wọ́n yìí tó pa owó rẹ̀, ó ní láti lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún márùn-ún. Ta ni yóò búra sí ìyẹn? Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọbẹ̀ tí a náwó sí ni ó ń dùn.

Ìdájọ́ mi

Bí ẹ bá ń gbá géèmù lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ má ṣe rà á. Bí owó ilé-ìwé tàbí owó ilé bá wà nílẹ̀, ẹ má tilẹ̀ wo ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí géèmù àtijọ́ bá jẹ́ ohun tí ẹ̀yin àti ará ilé yín jọ ń ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí owó tí ẹ fẹ́ ná kò sì ní iṣẹ́ mìíràn, ó yẹ ní rírà.

Èmi dúró títí a fi san owó ilé-ìwé, mo sì fi owó iṣẹ́ àfikún oṣù mẹ́ta rà á. Ìyàwó mi fọwọ́ sí i, ó ní kí n ṣáà má tì í mọ́ inú yàrá. Òun ni ó ń lù wá nínú Tetris báyìí.

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ ogun Démiladé tún dọ̀bálẹ̀ níwájú ọ̀tá, ó sì kú. Mo wo ojú ọmọ náà, mo ń retí ẹkún. Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, èmi ni mo ṣi bọ́tìnnì tẹ̀." Ó sì tún bẹ̀rẹ̀.