Òfin Lé Agolo Mílíìkì Ọ̀fẹ́ Lọ, Ọ̀gá Iṣẹ́ Ló Kù Tó Ń Já Ọmú Gbà Lẹ́nu Ọmọ

Oníṣòwò tó bá ń fi ọjà tọrẹ mọ ohun tó ń ṣe. Bí wọ́n bá fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní agolo mílíìkì lọ́fẹ̀ẹ́, bí ìkókó bá ṣe ń mu ún ni kò ní í fa ọmú púpọ̀ mọ́. Ọmú tí ọmọ kò bá sì fà, kì í pẹ́ gbẹ. Nígbà tí agolo ọ̀fẹ́ bá fi máa tán, ó ti di dandan kí ìyá máa ra òmíràn.

Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ìlànà lọ́dún 1981 pé wọn kò gbọ́dọ̀ polówó mílíìkì ọmọ ní gbangba, wọn kò gbọ́dọ̀ pín in fáwọn ìyá, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ya àwòrán ìkókó tó ń dán sára agolo. Nàìjíríà ṣòfin tiẹ̀ lọ́dún 1990, àjọ NAFDAC ló sì ń mójú tó o. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ń kìlọ̀ pé ọmú nìkan ni kí ọmọ mu fún oṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ sí omi, kò gbọdọ̀ sí àgbo. Ti omi yẹn kì í tètè wọ ìyá àgbà létí!

Ìwádìí ìjọba lọ́dún 2003 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 17 péré ló ń mu ọmú nìkan. Lọ́dún 2018, ó di 29.

Ó gòkè, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Oṣù mẹ́fà ni nọ́ọ̀sì wí. Ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún aláboyún, mẹ́fà kó tó bímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì fi dandan lé e pé kí wọ́n san ju ìdajì owó oṣù lọ. Òfin náà tún ní kí ìyá ọlọ́mọ máa rí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, tí ọmọ rẹ̀ wà n'Ikorodu, kí ni yóò fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣe? Kò tíì dé orí afárá tí àkókò fi máa tán.

Ìjọba Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní ìsinmi oṣù mẹ́fà lọ́dún 2014, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Àwọn tó ń gba owó ní báńkì aládàáni àtàwọn tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kò sí níbẹ̀. Ìyá alátà ọjà sàn jù wọ́n lọ níbi eléyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ lọmọ wà.

Yàrá kékeré kan tó ní kọ́kọ́rọ́, àga àti fíríìjì ti tó fún ìyá láti fún omi ọmú pamọ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, kó sì gbé e relé nírọ̀lẹ́. Níbi tí ọ̀gá kò bá ti ṣe é, owó oṣù òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ń ra agolo.